Ilé Àyágbé Ọlọ́jọ́ Díẹ̀ ní Sedona àti ní Queens: Ohun Tí Owó Wa Rà

Láàárín oṣù méjì, èmi àti ìyàwó mi gba ilé àyágbé ọlọ́jọ́ díẹ̀, irú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní shortlet, lẹ́ẹ̀mejì ní Amẹ́ríkà. A gba ọ̀kan ní Sedona, ní ìpínlẹ̀ Arizona, a sì gba èkejì ní Queens, ní ìlú New York. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti rí méjèèjì, àwòrán wọn wuni, àwọn tó ti sùn síbẹ̀ ṣáájú wa sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà délé, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tó jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ ní ibì kan tí ara kò sì rọ̀ wá ní ibì kejì, mo rí i pé òfin tó de ilé kọ̀ọ̀kan ló fà á ju bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìwẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò yìí yóò fi sọ̀rọ̀ òfin púpọ̀. Ẹni tó bá sanwó ilé àyágbé ti sanwó fún òfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì yẹ kó mọ ohun tó rà.

Ilé ti Sedona ló wù wá jù nígbà tí a ń yàn. Yàrá mẹ́rin ló ní, èèyàn sì lè jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kó máa wo àwọn àpáta pupa tí ìlú náà fi lókìkí. Àwa mẹ́fà la lọ: èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì, àbúrò ìyàwó mi àti ọkọ rẹ̀, gbogbo wa sì ráyè sùn láìfún ara wa mọ́ra. Ilé ìdáná ní gbogbo ohun tí ẹni tó fẹ́ dáná fún ìdílé nílò, títí kan ìkòkò ńlá, èyí tí n kò bá rí ní ilé àyágbé kankan. Ilé náà mọ́ tónítóní. Ká ní alẹ́ àkọ́kọ́ nìkan la sùn níbẹ̀ ni, ìràwọ̀ márùn-ún ni ǹ bá fún un.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ kejì, ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ èéfín, tó wà lára àjà, bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò sì dákẹ́. Kò sí iná, kò sí èéfín. Bátìrì rẹ̀ ló ń tán. Àjà náà ga débi pé n kò lè fọwọ́ kàn án kódà nígbà tí mo gun orí àga. Mo pe nọ́mbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló dáhùn pé kí n sọ ohun tí mo fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́, mo tún kọ̀wé sí wọn lórí ìkànnì tí a ti sanwó, ilẹ̀ sì ti mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fèsì. Ilé-iṣẹ́ kan tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn ló ni ilé náà, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń bá a bójú tó o, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní Sedona tó lè sọ pé òun ló ni ọ̀rọ̀ náà. Bàbá àgbà kan tó ń gbé ilé tó tẹ̀ lé e ló gbọ́ ariwo, tó kan ilẹ̀kùn, tó sì sọ pé kí n wá bá òun gbé àkàbà. Bátìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ti máa ń ra irú rẹ̀ sílé nítorí àwọn àlejò ilé náà.

Láàárọ̀, bàbá yìí jókòó tì wá. Ó sọ fún wa pé ó ti lé ní ogún ọdún tí òun ti ń gbé òpópónà náà, pé nígbà kan òun mọ gbogbo aládùúgbò òun lórúkọ, ṣùgbọ́n ní báyìí, ilé mẹ́ta péré ló kù tí òun mọ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Àwọn yòókù ń dé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sì ń lọ lọ́jọ́ Ajé. Kò bínú sí wa rárá. Ó tilẹ̀ sọ ibi tí a lè mú àwọn ọmọ rìn dé kí oòrùn tó mú. Mo bi í pé kí ló dé tí ìlú kò fi wá nǹkan ṣe sí i. Ó ní ìlú fẹ́ ṣe é, ìpínlẹ̀ ni kò jẹ́.

Bí ó ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Ní 2016, Doug Ducey, tó jẹ́ gómìnà Arizona nígbà náà, buwọ́ lu òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Òfin náà sọ pé ìlú kankan ní ìpínlẹ̀ náà kò gbọdọ̀ fòfin de ilé àyágbé ọlọ́jọ́ díẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣe òfin pàtàkì fún un kìkì nítorí pé ilé àyágbé ni. Ìlú lè bá onílé wí lórí ariwo, ìdọ̀tí, ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí ewu iná, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé àwọn tó ń gbé àdúgbò kan ni àdúgbò náà wà fún. Sedona ti ní òfin tirẹ̀ tó kọ irú ilé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ti ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni tirẹ̀ di asán. Òfin kan náà ló fún àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń gba ilé láyè láti máa gba owó orí lọ́wọ́ àlejò kí wọ́n sì máa san án fún ìjọba, nítorí náà owó ń wọlé. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ ní ìdí tí n kò lè fojú tẹ́ńbẹ́lú: ẹni tó ra ilé lówó ara rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti jèrè lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sì ń fi owó àlejò san gbèsè ilé. Ṣùgbọ́n òfin náà kò fi ìyàtọ̀ kankan sáàárín àgbàlagbà tó ń fi yàrá kan gba àlejò àti ilé-iṣẹ́ tó ra ilé púpọ̀ ní ìlú tí àwọn tó ni ín kò gbé rí.

Ẹni tí kò bá gbé Amẹ́ríkà lè máa ṣe kàyéfì pé báwo ni ìpínlẹ̀ ṣe lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìlú. Agbára tí ìlú fi ń pín ilẹ̀, tó fi ń sọ pé ibí ni ilé ìgbé, ọ̀hún ni ilé ìtajà, ibòmíràn ni ilé-iṣẹ́ ńlá, ni wọ́n ń pè ní zoning. New York ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ tó kárí ìlú látòkè délẹ̀, ní 1916. Nígbà tó di 1926, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbọ́ ẹjọ́ tó wáyé láàárín abúlé Euclid ní Ohio àti ilé-iṣẹ́ onílẹ̀ kan, Ambler Realty, tó ní abúlé náà kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí òun máa fi ilẹ̀ òun ṣe. Wọ́n dá abúlé láre, láti ìgbà náà sì ni zoning ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àmọ́ ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ni ìlú ti gba agbára náà. John Dillon, tó jẹ́ adájọ́ ní Iowa, ti sọ ọ́ láti 1868 pé agbára tí ìpínlẹ̀ bá gbé lé ìlú lọ́wọ́ nìkan ni ìlú ní, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fúnra rẹ̀ sì sọ nínú ẹjọ́ Pittsburgh ní 1907 pé ìpínlẹ̀ lè fún ìlú ní agbára, ó lè dín in kù, ó sì lè gbà á padà. Ohun tí Arizona ṣe nìyẹn. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é; bóyá ó bọ́gbọ́n mu ni mo ń wò níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sanwó tó sì sùn síbẹ̀.

Arizona fúnra rẹ̀ rí i pé òun ti ti ọ̀rọ̀ náà jù. Ní 2022, ó ṣe òfin mìíràn tó fún ìlú láyè láti ní kí onílé gba ìwé àṣẹ, tí owó rẹ̀ kò ní ju dọ́là 250 lọ, kí ó sọ fún àwọn aládùúgbò tó sún mọ́ ọn, kí ó fi nọ́mbà ìwé àṣẹ sí gbogbo ìpolówó rẹ̀, kí ó sì fi orúkọ àti nọ́mbà ẹni tí yóò dáhùn nígbà pàjáwìrì sílẹ̀. Onílé tó bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè san tó dọ́là 500, tàbí owó alẹ́ kan bí ìyẹn bá pọ̀ jù, ẹni tó bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan lè san dọ́là 3,500, ìlú sì lè gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọdún kan. Mo padà lọ wo ìpolówó ilé tí a gbà, nọ́mbà ìwé àṣẹ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo gbà pé ìyẹn dára ju òfo lọ. Síbẹ̀ ìwé àṣẹ tí ìlú kò lè kọ̀ láti fún onílé tó bá ti kún fọ́ọ̀mù pé, tí ìlú kò sì lè sọ iye rẹ̀ tó tó fún òpópónà kan, kò ní agbára púpọ̀. Ní alẹ́ tí ẹ̀rọ ń ké, nọ́mbà wà lára fíríìjì, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé, ẹni tó yẹ kó dáhùn ni kò sí.

Ohun tó dùn mí jù ni ohun tí mo kà lẹ́yìn náà nípa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kan náà. Sedona kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn lọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ àti ní hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò rí ilé háyà, àwọn kan sì ń sùn sínú ọkọ̀. Ní 2024, ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ níbi tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbé ọkọ̀ sí kí ó sì sùn lálẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn olùdìbò fagi lé e. Ìlú náà tilẹ̀ ti ṣètò láti máa fún onílé lówó kí ó lè fi ilé fún òṣìṣẹ́ dípò àlejò. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí yàrá mẹ́rin tí àwa mẹ́fà sùn sí, tí yóò ṣófo lẹ́yìn wa títí àlejò mìíràn yóò fi dé. N kò sọ pé èmi ni mo gba ilé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kankan, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe bíi pé n kò rí i.

Ní Queens, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló gbà wá sí ilé tí òun náà ń gbé. Yàrá kan ló fún wa, yàrá náà kò tóbi, àwa àti ìyá sì jọ ń lo ilé ìdáná. Ohun tó kọ́kọ́ fi hàn wá ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri, àti àwòrán tó fi ọ̀nà tí a máa gbà jáde hàn bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀ tó bá mi lára mu, nítorí kò rọrùn fún un láti gbà á. Òun ló ṣí ilẹ̀kùn fún wa nígbà tí a dé lóru, òun ló sì tún omi gbígbóná ṣe nígbà tí kò yọ dáadáa ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. A kò pe nọ́mbà kankan. A pè é láti inú pálọ̀.

Òfin ló fi í síbẹ̀. Láti 2010 ni òfin ìpínlẹ̀ New York ti ka á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni nínú ilé alájùmọ̀gbé ńlá fi gbogbo ilé rẹ̀ háyà fún àlejò fún ohun tí kò tó ọgbọ̀n ọjọ́, àfi tí òun náà bá wà nílé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin náà wà lórí ìwé, àwọn èèyàn sì ń fi ilé háyà lọ. Ìlú wá ṣe òfin tirẹ̀ lórí ti ìpínlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Local Law 18, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi múlẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Onílé gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, yóò san dọ́là 145, yóò fi hàn pé ibẹ̀ ni òun ń gbé, yóò wà nílé nígbà tí àlejò bá wà, àlejò kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Ẹni tó bá rú u lè san tó dọ́là 5,000. Airbnb, ìkànnì ńlá tí àwọn èèyàn ti ń gba ilé àyágbé, gbé ìlú lọ sí ilé ẹjọ́ kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀, adájọ́ sì da ẹjọ́ náà nù ní oṣù kẹjọ 2023.

Lójú tèmi, apá tó mú kí òfin yìí ṣiṣẹ́ ni èyí tó de ìkànnì. Ìkànnì kankan kò gbọdọ̀ gba owó lórí ilé tí kò tíì yẹ nọ́mbà rẹ̀ wò lọ́dọ̀ ìlú, bí ó bá sì gbà á, ó lè san tó dọ́là 1,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlú tó ń lé onílé kiri láti ilé dé ilé kò ní bá a láéláé, ṣùgbọ́n gbogbo owó gba ọ̀dọ̀ ìkànnì kọjá. Santa Monica ní California ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ sì gbè é lẹ́yìn ní 2019. Fún àlejò, àǹfààní rẹ̀ kò kéré: mo mọ̀ kí n tó sanwó pé ilé náà wà, pé ẹni tó ní òun ló ń gbé e ló ń gbé e lóòótọ́, àti pé wọn kò ní lé wa jáde láàárín òru nítorí ọ̀rọ̀ òfin.

Àbùkù rẹ̀ náà wà, ó sì kan wá ní tààrà. Nítorí pé àlejò kò gbọdọ̀ ju méjì lọ, àwọn ọmọ wa méjèèjì kò lè sùn lọ́dọ̀ wa. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyàwó mi ní Brooklyn, níbi tí àyè kò ti gba gbogbo wa, ni wọ́n sùn, a sì ń lọ kó wọn láràárọ̀. Ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké kò ní ibi tí yóò wọ̀ nínú òfin yìí àfi hòtẹ́ẹ̀lì. Èkejì ni ti kọ́kọ́rọ́. Òfin sọ pé àlejò àti onílé gbọ́dọ̀ máa gbé bí agboolé kan, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí ìlẹ̀kùn yàrá tí a ń tì pa. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ìyàwó mi gbé àpótí ẹrù ti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn kí ó tó lè sùn. Ìyá náà kò ṣe ohunkóhun tó yẹ kó fà á. Ara wa ni kò mọ́ ọn. Mo sì tún ro ti onílé kékeré, ẹni tó ní ilé ìdílé méjì, tí òkè rẹ̀ ṣófo, tó sì ń gbé ìsàlẹ̀. Òfin yìí kà á mọ́ ilé-iṣẹ́ tó ní ilé púpọ̀, bí Arizona ṣe ka àgbàlagbà tó ń fi yàrá kan gba àlejò mọ́ wọn láti ọ̀nà kejì.

Láàárín àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù ń fì sí. Florida gba agbára lọ́wọ́ ìlú ní 2011, ó dá díẹ̀ padà ní 2014, ṣùgbọ́n ìlú kò tíì lè sọ pé ọjọ́ báyìí ni ó kéré jù tí àlejò lè lò, àfi ìlú tí òfin rẹ̀ ti wà kí oṣù kẹfà 2011 tó dé. Nígbà tí àwọn aṣòfin tún fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ìpínlẹ̀, Gómìnà Ron DeSantis kọ̀ láti buwọ́ lù ú ní 2024. Ní Texas, ilé ẹjọ́ fagi lé apá kan nínú òfin tí ìlú Austin ṣe lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní 2019. New Orleans ní kí ẹni tó máa fi ilé gba àlejò ní àwọn àdúgbò ibùgbé jẹ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ní 2022 pé ìyẹn ṣe ojúsàájú sí àwọn ará ìpínlẹ̀ mìíràn. Hawaii ló gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá: lẹ́yìn iná tó jó ìlú Lahaina níbẹ̀ ní 2023, tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò nílé mọ́, ìpínlẹ̀ ṣe òfin ní 2024 tó sọ ọ́ ní kedere pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lè dín ilé àyágbé kù títí dé òfo bí wọ́n bá fẹ́. Ìyẹn ló sún mọ́ èrò mi jù. Kí ìpínlẹ̀ sọ ohun tó kéré jù tí onílé gbọ́dọ̀ ṣe níbi gbogbo, bíi ẹ̀rọ èéfín tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń dáhùn, kí ó sì fi iye ilé àti ibi tí yóò wà sílẹ̀ fún ìlú, nítorí ìlú ló mọ òpópónà tí kò ní aládùúgbò mọ́.

Mo fún ilé ti Sedona ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún: ilé náà dára, ìmọ́tótó rẹ̀ kò lábùkù, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Mo fún ti Queens ní mẹ́rin. Yàrá náà kéré, àwọn ọmọ kò sì lè bá wa sùn, ṣùgbọ́n ìyá náà ń dáhùn. Kí ẹ tó sanwó níbikíbi, ẹ wá nọ́mbà ìwé àṣẹ nínú ìpolówó, ẹ wò ó lórí ìkànnì ìlú bí wọ́n bá gbé e síbẹ̀, ẹ sì bi onílé léèrè orúkọ ẹni tó ń gbé nítòsí tó lè dé ọ̀dọ̀ yín láàárín wákàtí kan. Bí kò bá lè dárúkọ ẹnì kan, ẹ wá ilé mìíràn.

Ilé-iṣẹ́ tó ni ilé Sedona dá owó alẹ́ kan padà fún wa lẹ́yìn tí mo kọ̀wé sí wọn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí a bá tún lọ síbẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì la máa sùn, a ó sì yà kí bàbá àgbà náà nílé rẹ̀.